Kíkọ Àbùdá Ohun Tí A Fẹ́ Ṣe fún Iṣẹ́ Ọwọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fẹ́ kan àpótí ìwé fún iṣẹ́ ọwọ́, kí ẹ tó ya àwòrán kankan, ẹ kọ ohun tí àpótí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn tí a lè dán wò. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé yóò tóbi dáadáa, kò sí ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní mílímítà 220 ní ìbú àti 305 ní gígùn, nítorí pé bébà A4 fẹ̀ ní 210, ó sì gùn ní 297, rúlà ni yóò dáhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo kíkọ ìdí tí ẹ fi yan ìwọ̀n náà, torí òun ni mo kà sí pàtàkì jù.