Bí mo ṣe fẹsẹ̀ rìn lọ wo erin ní Mole

Inú mọ́tò kọ́ ni mo ti fẹ́ rí erin. Ibi tí n ó ti fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ ilẹ̀ tí òun náà ń tẹ̀ ni mo ń wá, ìdí nìyẹn tí mo fi kọrí sí ọgbà ẹranko Mole ní àríwá Gánà. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko ńláńlá ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí àlejò bá ti wọ ọkọ̀, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ní Mole, réńjà, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ọgbà, tó gbé ìbọn kọ́ èjìká á ṣíwájú, ẹ̀yin náà á tò sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó sì jọ wọ inú igbó lọ. Ọdún 1958 ni wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún ẹranko, ó di ọgbà ìjọba ní 1971, òun ló sì tóbi jù lọ nínú gbogbo irú rẹ̀ ní Gánà.

Ìrìn àjò débẹ̀ kò le. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ Gánà, ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ti tó. Mo wọ bàálù láti Akra dé Tamale, mo wá wọ mọ́tò gba Damongo, tí í ṣe olú ìlú ẹkùn Savannah, kọjá sí Larabanga. Bí ẹ bá dé Larabanga, ẹ dúró wo mọ́ṣáláṣí àtayébáyé tí wọ́n fi amọ̀ kọ́, tí igi yọ ṣóńṣó lára ògiri rẹ̀. Láti ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà kò jìnnà rárá.

Àsìkò tí ẹ bá lọ ṣe pàtàkì ju iye owó tí ẹ bá ná lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo lọ, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó lọ nígbà òjò bó bá jẹ́ pé erin ló ń bá lọ. Nígbà òjò, omi wà níbi gbogbo, koríko á ga bo èèyàn mọ́lẹ̀, erin á sì fọ́n ká inú igbó. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní lọ sí oṣù kẹta, odò kéékèèké á ti gbẹ, koríko á ti rẹlẹ̀, omi tó kù nínú àwọn adágún ìsàlẹ̀ òkè, nítòsí ilé àlejò, ni erin á máa wá mu, tí á sì máa wẹ̀ níbẹ̀. Erin kan lè mu ju 100 lítà omi lọ lóòjọ́, nítorí náà kò lè jìnnà sí omi fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ má wọ aṣọ àwọ̀ búlúù tàbí dúdú. Eṣinṣin tsetse tó máa ń buni jẹ wà nínú igbó yẹn, àwọ̀ méjèèjì yìí ló sì máa ń fà á mọ́ra. Aṣọ búlúù àti dúdú gan-an ni àwọn tó ń gbógun tì í fi ń ṣe pańpẹ́ rẹ̀. Aṣọ àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé ló dára. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátá ni wọ́n ń bèèrè kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn rìn, ẹni tí kò bá ní lè yá bàtà òjò lọ́wọ́ wọn.

Àárọ̀ kùtùkùtù la gbéra. Àgbà ọkùnrin kan tí irun wọn ti ń funfun ni réńjà wa, mo sì ń pè wọ́n ní Bàbá títí a fi parí. Wọ́n sọ òfin wọn kedere: ẹ tò ní ìlà kan, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè, bí mo bá na ọwọ́ sókè ẹ dúró, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀ ẹ má sáré. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, wọ́n jẹ́ kó máa dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Erin kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran jìnnà, àmọ́ imú rẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọ̀dọ̀ wa fẹ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, á ti mọ̀ pé a ń bọ̀ kí a tó fojú kàn án.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè rí erin tó bẹ́ẹ̀ kó tó rí erin. Ìgbẹ́ rẹ̀ la kọ́kọ́ bá. Bàbá fi igi tú u, ó sì kún fún okùn igi, koríko àti kóró èso tí kò tíì fọ́. Wọ́n ní nǹkan bí ìdajì ohun tí erin bá jẹ ni kì í dà nínú rẹ̀, ibi tó bá ya ìgbẹ́ sí ló ń gbin igi sí. Àwọn kòkòrò ti ń yí tiwọn lọ. Díẹ̀ síwájú la rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀, ti iwájú rí róbótó, ti ẹ̀yìn gùn díẹ̀, ìlà tó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì hàn ketekete. Lẹ́yìn náà ni Bàbá tọ́ka sí igi kan. Ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, lókè ibi tí ọwọ́ mi lè nà dé. Erin ló ti wẹ̀ tó wá fara họ igi. Mo fọwọ́ kan ẹrẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ó ṣì tutù. Àyà mi là gààrà.

Akọ méjì ni wọ́n, nínú adágún. Bàbá mú wa dúró ní ìwọ̀n bíi 50 mítà, lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán kan. Àwọn àgbà ti sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èyí tó dàgbà jù dúró nínú omi tó mù ún dé ikùn, ó ń fi ọwọ́jà fa omi sọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Etí rẹ̀ kò sinmi, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń tutù nínú ooru. Lékeléke dúró lórí rẹ̀ láìbìkítà. Èkejì ti gòkè, ó ń ṣa èso tó jábọ́ lábẹ́ igi. Ẹnu ọwọ́jà erin ilẹ̀ Áfíríkà ní ìka méjì, òkè kan, ìsàlẹ̀ kan, òun ló fi ń mú èso kéékèèké yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, á jù ú sẹ́nu. Ẹranko tó lè wó igi lulẹ̀ ń ṣa èso bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà! Mo gbàgbé kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, èyí tó wà ní òkè yíjú sí wa. Bàbá tẹ́wọ́ sẹ́yìn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ erin náà kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí a jìnnà ni wọ́n ṣàlàyé: omi dúdú kan ń ṣàn láti àárín ojú àti etí erin náà. Bí ẹ bá rí i lára akọ erin, ara rẹ̀ ń gbóná fún abo nìyẹn, sùúrù rẹ̀ kì í pọ̀ lásìkò náà. Ẹlòmíràn nínú wa fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí i. Ní tèmi, réńjà tó bá tètè ní ká padà ni mo gbọ́kàn lé, torí kò fẹ́ kí ìbọn rẹ̀ ṣiṣẹ́ lára ẹranko tí a wá wò. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti kọ erin ilẹ̀ ọ̀dàn sára àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ìparun, nítorí àwọn tó ń pa á gba eyín àti nítorí ilẹ̀ rẹ̀ tó ń dín kù. Ó dùn mí gan-an láti rò ó bí mo ṣe ń wo eyín méjèèjì yẹn.

Ní ọ̀sán, a wọ ọkọ̀ jíìpù. A rí ìgalà, ìjímèrè àti ìmàdò tó ń kúnlẹ̀ jẹ koríko, ó dára, àmọ́ kò tó ìrìn ẹsẹ̀. Ní ilé àlejò, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé yín dáadáa, ìnàkí ibẹ̀ mọ̀ bí a ti ń gbé oúnjẹ sá lọ.

Akọ ló sábà máa ń wà nítòsí ilé àlejò. Abo àti ọmọ máa ń kó ara wọn jọ, ìyá àgbà kan ló ń darí wọn, inú igbó lọ́hùn-ún ni wọ́n sì fẹ́ràn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọmọ erin, kó fi àyè sílẹ̀ fún ju òru kan lọ, kó sì sọ fún àwọn réńjà lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé, kí wọ́n lè wá ọkọ̀ tí á gbé e lọ sínú ọgbà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá sì jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ ló fẹ́, ti òwúrọ̀ ni kó béèrè, kí oòrùn tó mú.