Bí a ṣe ń wo òkun kí a tó gbé bọ́ọ̀dù wọ̀ ọ́, ní etíkun oníyanrìn àti lẹ́nu àpáta

Busua ní Gánà, tí kò jìnnà sí Takoradi, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ torí nǹkan méjèèjì wà níbẹ̀: iyanrìn gbalaja tó rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sọ́fìn, ìyẹn fífi bọ́ọ̀dù gun ìgbì òkun, àti ẹnu àpáta lápá ìwọ̀ oòrùn níbi tí ìgbì ti ń yí wọlé. Ẹni tó ti ń ṣeré ní Tarkwa Bay l'Ékòó á mọ ti iyanrìn, ti àpáta ló máa ń rú wọn lójú.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ṣí Windy lórí fóònù, áàpù tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ àti ìgbì ṣe máa rí. Gíga ìgbì nìkan lọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, wọ́n á rí mítà kan, wọ́n á ní kò tó nǹkan. Iye sẹ́kọ́ńdì tó wà láàárín ìgbì kan sí èkejì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Mítà kan pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì 7, afẹ́fẹ́ ìtòsí ló rú u sókè, kò lágbára. Mítà kan pẹ̀lú sẹ́kọ́ńdì 15, ìjì tó jà lọ́hùn-ún ní ìsàlẹ̀ gúúsù Àtìláńtíìkì ló rán an wá láti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún kìlómítà, tó bá fi kan àpáta á dìde ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Láti bí oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá nirú ẹ̀ ń wá jù, tí ọyẹ́ bá dé omi á rọ̀.

Ẹ tètè jí lọ. Nídàájí, afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ sókun, ojú ìgbì á dán, tó bá fi máa di ọ̀sán afẹ́fẹ́ òkun á ti da gbogbo ẹ̀ rú. Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, owó ṣòfò ni jàre, ẹ so ọ̀rá píọ̀-wọ́tà mọ́ igi, ó tó.

Ibi tí wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ rèé: wọn kì í jókòó wo omi. Wọ́n á dé, wọ́n á wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, omi á pa rọ́rọ́, wọ́n á ní "ó ti dáa", wọ́n á bẹ́ sómi. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni ìgbì ń wá o! Òkun lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn ńlá tó dé, orí àpáta gan-an ló sì máa bá ẹni tó kánjú, bọ́ọ̀dù á ṣẹ́, orúnkún á bó. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni tèmi, mi ò kí ń dín in, kódà tí àwọn ọ̀rẹ́ bá ti wà nínú omi tí wọ́n ń pè mí.

Ẹ mú àpáta kan, ẹ máa ka ìgbì tó ń kọjá lára ẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí èyí tó tóbi jù ti fọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tí ìgbì kì í ti í fọ́, tí omi ẹ̀ pọ́n tí ìfófòó sì ń ṣàn padà sókun. Ibẹ̀ làwọn tí ò mọ̀ máa ń sọ pé ó rọ̀ jù, tí wọ́n á jẹ́ kọ́mọ wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lomi ti ń fa èèyàn lọ. Tó bá fà yín, ẹ má bá a jà, ẹ léfòó, kẹ́ ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lẹ́bàá etíkun títí tó fi máa tú yín sílẹ̀. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n ń bá jáde lọ ká ìgbì lẹ́yìn. Lórí iyanrìn ó lè ṣí kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, torí iyanrìn ń rìn, àpáta ni kì í rìn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ lọ nígbà tómi bá fà sẹ́yìn kúrò létíkun, kẹ́ ẹ fi fóònù ya àwòrán àpáta tó yọrí. Omi tó ń kún bọ̀ tó ti dé ìdajì ni mo fi ń wọlé.

Ẹ bi àwọn apẹja náà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú etíkun Gánà wọn kì í lọ sókun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ sábà máa bá wọn níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, kò sì ní sí ọkọ̀ tó máa gba iwájú yín.

Ẹ má fi àbẹ́là lásán dípò wáàsì, ìda tí wọ́n ń fi pa ojú bọ́ọ̀dù kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀; àbẹ́là ń yọ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ mọ́ ìda oyin, ó ṣe é lò. Ìyókù ò le: ẹ so okùn bọ́ọ̀dù mọ́ ẹsẹ̀ tó máa ń wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá dúró lórí bọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí èyí tó kẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ ìgbì kọjá, kẹ́ ẹ máa fọwọ́ wa omi lọ.