Ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kí ọjọ́ kọjá lórí wa ní Ìkòròdú

Ìyá ẹlẹ́ja kan láti Èbúté tú ọ̀rá dúdú sórí tábìlì mi. Fọ́tò X-ray ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni rìsíìtì ilé ìwòsàn tí omi ẹja ti rin létí, àti ojú ewé kan tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ló wà lórí ewé náà. Àwọn ọjọ́ tí ìyá lọ bá ẹni tó ni dánfó tó gbá a ní Agric ni, tí wọ́n ń ní kó padà wá. Mo wo ọjọ́ ìjàǹbá gan-an: ó ti lé lọ́dún mẹ́rin.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà nílùú yìí, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣì ń dùn mí. Ẹ̀rí rẹ̀ pé, ọjọ́ tí òfin fún un láti pẹjọ́ ló ti kọjá.

Ẹnì kan ló sọ fún un pé ọdún mẹ́fà ni òfin fún èèyàn láti pẹjọ́. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe ti ìyá. Lábẹ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó tó fi gbèdéke sí ìpẹ̀jọ́, bó bá jẹ́ ọkọ̀ tàbí ẹrù nìkan ló bàjẹ́, ọdún 6 ni. Bí àìbìkítà awakọ̀ bá ṣe èèyàn léṣe lára, ọdún 3 péré ni. Ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tú POP lẹ́sẹ̀ yín.

Ẹ̀bẹ̀ ló ń jẹ ọjọ́ jù. Alága gáréèjì á wá, wọ́n á gbé ọsàn àti máàtì wá sọ́sípítù, wọ́n á dọ̀bálẹ̀: "Ẹ má pe lọ́yà mà, a ó yanjú ẹ̀ nílé." Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbọ́ ẹ̀bẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Àmọ́ ní 1994, nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC, iléeṣẹ́ epo rọ̀bì ìjọba, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ ọ́ gbangba pé ìjíròrò láàárín ẹni méjì kì í dá ọjọ́ dúró. Ìyá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé gbogbo ìgbà tí mò ń lọ sí ilé wọn yẹn, ọjọ́ ń lọ ni?" Mo ní, "Ó ń lọ, mà." Ẹ máa gba ẹ̀bẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹjọ́ ti wà ní kọ́ọ̀tù. Bí wọ́n bá sanwó, ẹ lè fà á kúrò.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ló gbá yín, bí ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ fún yín ní oṣù 3 péré. Oṣù 3! Ẹlòmíì ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ló sì wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí kẹ́ ẹ tó pè wọ́n lẹ́jọ́. Lójú tèmi, òfin yìí ò ṣàánú ẹni tó fara pa, àmọ́ òun la ní. Kí ará ilé lọ bá lọ́yà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àwọn kan á ní ọlọ́pàá ti gbé dírẹ́bà lọ sí májísíréètì. Ìjọba ló ń bá a ṣẹjọ́ níbẹ̀, bó bá sì san owó ìtanràn, àpò ìjọba ló ń lọ. Owó gbà-má-bínú tiyín, ẹ̀yin lẹ máa pẹjọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tó ni ọkọ̀ mọ́ dírẹ́bà.

Ẹ tún sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ fún lọ́yà dáadáa. Ẹ kúrò ní Odògúnyán díẹ̀, ẹ ti dé Ògìjó, Ìpínlẹ̀ Ògùn nìyẹn, òfin tiwọn lọ́tọ̀.

Lẹ́tà tí lọ́yà kọ sí ẹni tó gbá yín kì í ṣe ẹjọ́. Mo ti rí ẹni tó fi lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí fọ́dún méjì, tó rò pé òun ti wà ní kọ́ọ̀tù. Ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé ìpẹ̀jọ́ tí òǹtẹ̀ kọ́ọ̀tù wà lórí rẹ̀ àti rìsíìtì owó tí wọ́n san. Ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú òǹtẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ fi wé ọjọ́ ìjàǹbá. Bí lọ́yà wọn bá dìde pé ọjọ́ ti kọjá, ọjọ́ méjèèjì yẹn ni adájọ́ máa gbé síra wọn.