Ojú Aránṣọ Ni Kí Ẹ Fi Wo Eré Tí Wọ́n Fi Ìwé Ìtàn Ṣe

Ó lé ní ogójì ọdún tí màmá mi fi rán aṣọ ní Ìkòròdú, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Ìta Ẹlẹ́wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé máṣíìnì tì, eré ayé àtijọ́ orí tẹlifíṣàn ni wọ́n fi ń najú lálẹ́, èmi ni mo sì máa ń jókòó tì wọ́n. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wò ó, ṣe ni mo máa ń gbé ìwé ka itan, tí mo máa ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ bí ọlọ́pàá tó ń yẹ ẹrù inú ọkọ̀ wò, tí inú mi yóò sì bàjẹ́ nígbàkígbà tí eré bá yà kúrò lójú ọ̀nà tí òǹkọ̀wé là sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó sú wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, bí wọ́n bá gbé agbádá bàbá rẹ fún mi pé kí n fi rán bùbá fún ọmọ rẹ, ṣé wàá tún máa bi mí pé apá agbádá dà?" N kò rí ohun kan fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú aránṣọ wo irú eré bẹ́ẹ̀, bí mo sì ṣe ń wò ó ni mo fẹ́ là yé ẹni tó bá fẹ́ gbádùn wọn.

Kí aránṣọ tó ki sáàsì bọ aṣọ, ó ní láti mọ iye ọ̀pá tó wà nílẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wo iye wákàtí tí eré náà gbà, kí ẹ tó retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Pride and Prejudice, ìwé Jane Austen tó jáde ní 1813, ṣe àpẹẹrẹ. Iléeṣẹ́ BBC fi ṣe eré alápá mẹ́fà ní 1995, apá kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n tún fi ṣe fíìmù ní 2005, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n ní lọ́wọ́. Nínú èyí tó kúrú yìí, ẹ kò ní rí arábìnrin Bingley, ọ̀dọ́mọkùnrin olówó inú ìtàn náà, èyí tó ti lọ́kọ, ẹ kò sì ní rí ọkọ rẹ̀. A kò lè torí ìyẹn sọ pé wọ́n ba ìwé jẹ́, nítorí pé iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe nínú ìtàn, arábìnrin kejì tó ṣẹ́kù lè dá a ṣe. Ohun tó yẹ kí ẹ bi ara yín ni pé, ẹni tí wọ́n yọ yìí, kí ló ń gbé ró? Bí ohunkóhun kò bá wó lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ ìdí tí ènìyàn fi hu ìwà kan, tí wọ́n wá fi ìwà náà sílẹ̀ láìnídìí, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn, kí ẹ sì ráhùn sókè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń bi mí bóyá ìwé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà. Bó bá jẹ́ eré alápá púpọ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ ka nǹkan bí ọgbọ̀n ojú ìwé, kí ẹ dúró, kí ẹ wo apá kìíní, kí ẹ tó padà sídìí ìwé. Ojú ìwé díẹ̀ yẹn ni yóò jẹ́ kí ẹ fúnra yín ya àwòrán àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sọ́kàn. Bí ojú òṣèré bá ti ṣáájú débẹ̀, kì í kúrò mọ́. Fíìmù wákàtí méjì kò gba irú ìyẹn. Ẹ kà á tán kí ẹ tó wò ó, tàbí kí ẹ wò ó tán kí ẹ tó kà á.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù fún ẹni tó ń fi ìwé ṣe eré ni ohùn òǹkọ̀wé. Ìwé lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn fún wa, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè wọnú ọkàn. Nítorí náà, ẹ máa wá ibi tí wọ́n gbé ohùn yẹn sí. Gbólóhùn tó ṣí ìwé Austen, tí òun fúnra rẹ̀ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nípa ọkùnrin olówó tí kò ì láya, ẹnu Elizabeth, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, ni wọ́n fi sí nínú eré 1995, ó sì di èsì tí ọmọ fi ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ẹ tún wo ìgbà tí Elizabeth àti Darcy, ọkùnrin olówó tó fẹ́ fi í ṣe aya, ṣe kòńgẹ́ ara wọn ní Pemberley, ilé Darcy. Ìpàdé náà wà nínú ìwé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni pé Darcy kọ́kọ́ bọ́ sínú adágún omi, tó sì jáde pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo ti bínú sí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn rí. Nígbà tí mo padà ka ibẹ̀, mo rí i pé òǹkọ̀wé sọ pé ojú ti àwọn méjèèjì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi pọ́n, ìtìjú yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì tútù sọ di ohun tí a lè fojú rí. Àlẹ̀mọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí aṣọ ti ya ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Aṣọ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù. Bí ẹ bá ti wo apá kan tán, ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pa ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì máa wo ọrùn ẹ̀wù, etí aṣọ àti ẹ̀yìn òṣèré. Bẹ́ẹ̀ ni màmá mi ṣe rí ohun tí èmi kò rí nínú eré kan tí wọ́n ní ìtàn igba ọdún sẹ́yìn ni. Ọmọbìnrin kan kọ̀yìn sí wa láti gun àtẹ̀gùn, ni wọ́n bá na ìka sí tẹlifíṣàn pé, "Síìpù nìyẹn!" Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ibo?" Wọ́n ní kí n dá a padà. Lóòótọ́, ìlà tín-ín-rín kan sọ̀kalẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, aṣọ sì ṣùpọ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń rí bí síìpù bá le ju aṣọ lọ. Àwọn ọdún 1930 ni síìpù tó wọ́pọ̀ lára ẹ̀wù. Bọ́tìnnì àti okùn ni wọ́n ń lò ṣáájú.

Ẹ fi irú ojú yìí kan náà wo àwọn fíìmù ayé àtijọ́ tiwa, tí àwọn ọmọ ìsìnyí ń pè ní épíìkì. Sányán tòótọ́ kì í kọ mànà, nítorí pé ara ilé tí kòkòrò inú igbó hun ni wọ́n ti ń fa òwú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ti erùpẹ̀ gbígbẹ. Bí ìjòyè kan bá wá wọ aṣọ òkè olówùú dídán kí òyìnbó tó dé, ọjà àná ni wọ́n ti rà á. Adìrẹ tí a ń pè ní Olọ́ba ń kọ́? Àwòrán Ọba George Karùn-ún àti ìyàwó rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, ọdún 1935 tí ọba náà pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ni wọ́n sì ṣe é fún, nítorí náà kò sí ohun tó ń wá lọ sójú ogun Kírìjì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ eré nù nítorí aṣọ kan. Àwọn ọmọ Ìkòròdú tí ayé mọ̀ sí Ikorodu Bois ń fi kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù àti ohun èlò ilé ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá, a sì ń dá fíìmù náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí aṣọ bá sì ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹ óò mọ̀. Ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó ń jẹ́ Ó Le Kú jáde ní 1974, Túndé Kèlání sì fi ṣe fíìmù ní 1997. Ìró àti bùbá kúkurú tí àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà wọ̀ ti sọ fún wa pé ọ̀dọ́ ni wọ́n, àti irú ìgbà tí wọ́n gbé, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Àṣà aṣọ náà tún padà sóde, orúkọ fíìmù sì lẹ̀ mọ́ ọn. Màmá mi ní lásìkò náà, oníbàárà kì í mú àwòrán wá mọ́. Wọ́n á kàn ní "Ó le kú," wọ́n á sì fọwọ́ kan orúnkún.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ṣe pàtàkì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Wọlé Ṣóyínká fi kọ eré Ẹlẹ́ṣin Ọba tó jáde ní 1975, ṣùgbọ́n nígbà tí Bíyì Bándélé fi ṣe fíìmù tó jáde ní 2022, Yorùbá ni wọ́n fi sọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń wò ó, ẹ fi nǹkan bo Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ tẹlifíṣàn, nítorí pé bí ojú bá ti ń ka ìyẹn, etí á sùn, òwe á sì kọjá. Bó bá jẹ́ eré Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà wà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń jà pé àkókò inú fíìmù Ẹlẹ́ṣin kò bá ti ìṣẹ̀lẹ̀ gidi tó wáyé ní Ọ̀yọ́, tí eré náà dá lé, mu, ẹ sọ fún un pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, ẹni tó kọ 1946 fún ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ló ti kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn sí ìgbà ogun àgbáyé kejì.

Ó ku ọ̀ràn iná. Eré ayé àtijọ́ kún fún ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì máa ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, nítorí náà ẹ fi gbohùngbohùn sétí, tàbí kí ẹ dúró di ọ̀gànjọ́ tí àdúgbò bá ti parọ́rọ́. Bí iná bá lọ láàárín eré, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹ dé sí ẹ̀yìn ìwé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì ka ibi tí eré dúró sí. Nígbà tí iná bá fi máa dé, ẹ óò ti mọ iye ọ̀pá tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ki sáàsì bọ̀ ọ́.