Bí Àgbébọ̀ Tuntun Mi Ṣe Ń Mí Dáadáa Báyìí

Àgbébọ̀ adìyẹ tí mo gbà sọ́dọ̀ kò tíì mọ ilé dáadáa tí mo fi gbọ́ tí ọ̀fun rẹ̀ ń dún gọ̀rọ̀gọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ mí, á yanu, á na ọrùn, ìrù á máa mì sókè sódò. Omi ojú rẹ̀ kan sì ń hó bí ọṣẹ.

Kíá ni mo yà á sọ́tọ̀. Àwọn yòókù ni mo kọ́kọ́ ń bọ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lọ́fun, bóyá màá rí aràn pupa tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà èémí. N kò rí i, àmọ́ ìyẹn kò ní kò sí níbẹ̀, ló bá di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Àyẹ̀wò fi hàn pé Mycoplasma gallisepticum ni, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí kan tó máa ń ba ọ̀nà èémí adìyẹ jà. Tylosin, oògùn tó ń gbógun ti kòkòrò náà, ni dókítà fún mi, mo ń pò ó mọ́ omi mímu, kò sì gbọdọ̀ rí omi mìíràn mu. Ẹyin rẹ̀ di èèwọ̀ títí dókítà fi ní ó yá.

Ilé rẹ̀ ló gba iṣẹ́ jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé imú síbi tí orí adìyẹ ń dé: bí òórùn ìgbẹ́ bá ta yín nímú níbẹ̀, ámóníà, gáàsì tó ń jáde látinú ìgbẹ́, ti ń jó o lọ́fun nìyẹn. Mo kó gbogbo ìgbẹ́ ilẹ̀ náà dànù, mo da èérún pákó gbígbẹ sí i, mo sì ṣí ojú afẹ́fẹ́ sókè, níbi tí atẹ́gùn kò ti ní máa fẹ́ lù ú.

Ó ti ń jà sóúnjẹ báyìí. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kì í sábà kúrò lára adìyẹ tó bá ti kó o, nítorí náà n kò ní dà á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.