Ẹ Má Ṣe Sé Èémí Mọ́nú: Ìwé Ìtọ́sọ́nà lórí Ìdárayá Pẹ̀lẹ́ àti Àṣàrò fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Kétu

A kọ ìwé kékeré yìí fún àwọn àgbẹ̀, àwọn ìyá tó ń yan gààrí àti gbogbo ará ilé ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, nítorí ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn ìgbà tí òjò já, tí àgbàdo gbẹ lórí ìdúró, tí ara ríro àti àìrí oorun sùn sì wá kún àdánù oko. Àwọn kan wá bá wa pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Àwọn mìíràn ní àyà àwọn ń já lóru láìsí ohun tó lé wọn, àwọn kan sì ti sọ oògùn ara ríro tí wọ́n ń kiri lọ́jà di oúnjẹ òòjọ́. A kọ́ wọn ní ìdárayá pẹ̀lẹ́ àti àṣàrò. Ọ̀pọ̀ ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan ṣoṣo ló ń sọ iṣẹ́ náà di asán mọ́ wọn lọ́wọ́, a sì ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè dákẹ́ mọ́: wọ́n ń sé èémí mọ́nú.

A kò ní fi ìwé yìí kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń kọ ebè tàbí bí a ṣe ń roko, nítorí ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tí ara yín ń ṣe nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí ẹ kò sì fura, ni a fẹ́ sọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo yà sí abà tí àwọn ìyá ti ń yan gààrí. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé abọ́ ńlá tí ẹ̀gẹ́ tí a ti fún kún inú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Kò dá mi lóhùn. Ó pa eyín pọ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ bí okùn, èjìká rẹ̀ méjèèjì sì gòkè títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́jọ dé ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó sọ abọ́ náà kalẹ̀, ìgbà náà ló tó mí kanlẹ̀ pé "háà," tó wá ní, "Òo, ọmọ mi, káàbọ̀." Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ títí tó fi sọ ẹrù kalẹ̀, kò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, nígbà tí a jọ dúró lábẹ́ igi láti ṣe ìdárayá, tí kò sí ẹrù kankan níwájú rẹ̀ mọ́, ó gbé apá méjèèjì sókè, mo sì rí iṣan ọrùn kan náà tó yọ, mo rí eyín kan náà tó pa pọ̀. Abọ́ ẹ̀gẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ẹni tó bá sé èémí mọ́nú nígbà tó ń lo agbára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè lójijì, ọrùn àti èjìká rẹ̀ á sì le koko. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń mí tó ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá rọra mí títí tí ó fi dín kù sí ìgbà 6, tí ìmísíta sì gùn ju ìmísínú lọ, lílù ọkàn á rọlẹ̀, iṣan á sì dẹ̀. Àlàyé tí ẹ nílò kò ju ìyẹn lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ló ṣe pàtàkì.

Ìwọ̀n náà nìyí. Ẹ fi imú mí sínú, kí ẹ sì máa kà á lọ́kàn pé ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ mí síta, kí ẹ kà á pé ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Kí kíkà náà rọra, bí ìgbà tí èèyàn ń ka obì sínú apẹ̀rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin sínú, mẹ́fà síta, kò sì sí ìdúró láàárín wọn. Àwọn kan ti sọ fún wa pé tí àwọn bá kà á dé ẹ̀rin, àwọn á kọ́kọ́ dá èémí dúró díẹ̀ kí agbára lè wọ ara. Agbára kankan kò wọ ara níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹni tí kò ní aago lè lo hóró àgbàdo. Ẹ ka 30 hóró sí ẹ̀gbẹ́ òsì yín, kí ẹ sì máa mú ọ̀kan lọ sí ọ̀tún lẹ́yìn ìmísíta kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dé ọ̀tún, ìṣẹ́jú 5 ti pé.

Ìdárayá lórí ìdúró

Mẹ́ta péré ni a ń kọ́ni, nítorí ẹni tó bá kọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe ìkankan títí oṣù á fi parí. Ẹ ṣe é ní ìdájí kí ẹ tó lọ sóko, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, ó kéré tán wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó sì jìnnà sí èéfín ààrò. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe é nínú ilé nítorí eruku.

Ẹ dúró láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tí a ti gbá, kí ẹsẹ̀ méjèèjì fi àyè sílẹ̀ bí èjìká yín ti fẹ̀ tó, kí orúnkún má sì ṣe nà gbọnrangandan. Bí ẹ bá ti ń mí sínú, ẹ gbé apá méjèèjì sókè láti iwájú títí dé èjìká, kí wọ́n má kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá ti ń mí síta, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà 10 ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ẹ yí ara sí ọ̀tún pẹ̀lú ìmísíta, ẹ padà sí àárín pẹ̀lú ìmísínú, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí òsì, ìgbà 8 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta ni kí ẹ di igi tàbí ògiri mú, kí ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí gíga. Ẹ mí sínú nígbà tí ẹ bá ń lọ sílẹ̀, ẹ mí síta nígbà tí ẹ bá ń dìde. Ìgbà 6 ni, kò sì gbọ̀dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá kò gba ìṣẹ́jú 6.

Ibi ìdìde yìí gan-an ni àṣìṣe tí a ń sọ ti máa ń yọjú jù. Ara á wúwo, ẹnu á pa dé, èémí á sé. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ibi tí agbára bá ti wọlé, ibẹ̀ ni kí èémí ti máa jáde. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di ìdíje, wọ́n ń tẹ orúnkún ní ìgbà 50 níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn kò burú fún ẹni tó fẹ́ lágbára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a pè yín sí. Bí ẹ kò bá lè dáhùn ìkíni ẹni tó ń kọjá lọ láìṣe pé ohùn yín já, ẹ ti ń sáré jù.

Ìrìn àti ìjókòó

Ìrìn náà rọrùn. Ẹ rin ìṣísẹ̀ 20 lọ, ìṣísẹ̀ 20 bọ̀, nínú àgbàlá yín, fún ìṣẹ́jú 10. Kí gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, kí ìka ẹsẹ̀ kẹ́yìn, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n lára bó ti ń ṣẹlẹ̀. Thich Nhat Hanh, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà ará Vietnam tí a bí ní 1926, tó sì kú ní 2022, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn èèyàn ní irú ìrìn yìí, àti àwọn tó ti ogun bọ̀ pẹ̀lú. A kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni gba ẹ̀sìn rẹ̀.

Níbi ìjókòó ni a ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù. Ẹ jókòó sórí ẹní tàbí àpótí, kí ẹ̀yìn wà ní títọ́ láìfara ti nǹkan, kí ọwọ́ sinmi lórí itan, kí ojú wo ilẹ̀ níwájú yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí, mẹ́rin sínú, mẹ́fà síta. Ọkàn yóò lọ. Yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, yóò lọ sórí àgbàdo tó gbẹ, yóò lọ bá ọmọ tó wà ní Àjàṣẹ́ tí kò pè láti ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì ṣe sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kàn padà sórí ení. Ẹni tó padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú 5 ti ṣiṣẹ́ gidi.

Ẹ wo ara yín dáadáa ní àkókò tí ìrònú gbèsè náà bá wọlé, nítorí ẹ ó rí ohun kan tí ẹ kò tíì rí rí. Èémí á dúró. Kò sí ẹrù lórí yín, ẹ kò gbé abọ́, orí ẹní ni ẹ jókòó sí, síbẹ̀ àgbọ̀n á le, inú á há, àyà á sì sé gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹ ń gbé nǹkan tó wúwo. Bí ó ti ń rí ní gbogbo òru tí ẹ kò rí oorun sùn nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ má ṣe lé ìrònú náà, ẹ sáà jẹ́ kí èémí jáde dé ẹ̀fà. Àṣàrò kò ní dá àgbàdo padà, kò sì ní san gbèsè, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sùn ló lè jókòó ṣírò ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́ tó. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta dé ìkarùn-ún, ẹ ṣe é ní ìṣẹ́jú 10, ìyẹn 60 hóró. Láti ìkẹfà dé ìkẹjọ, ìṣẹ́jú 15, 90 hóró. Ẹni tí ọjọ́ kan bá yẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣe ìlọ́po méjì lọ́jọ́ kejì.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹ̀sìn tuntun ni a ń mú wá. Lóòótọ́, láti Íńdíà àti Ṣáínà ni gbòǹgbò púpọ̀ nínú ìdárayá àti àṣàrò yìí ti wá, ṣùgbọ́n ní 1979 ni Jon Kabat-Zinn, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àṣàrò kọ́ àwọn aláìsàn tí ara ń ro ní ilé ìwé gíga kan ní Massachusetts, ẹ̀kọ́ náà tó wá di ti ọ̀sẹ̀ 8, láìsí ẹ̀sìn nínú rẹ̀. Mùsùlùmí lè ṣe é lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, onígbàgbọ́ lè ṣe é lẹ́yìn àdúrà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè ṣe é lẹ́yìn tó bá ti jí bọ òrìṣà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe àjèjì sí wa ní Kétu pé kí èémí àti ẹsẹ̀ máa bára wọn lọ. Ẹni tó gbé Gèlèdé, tí igi wà lórí rẹ̀, tí ṣaworo wà lẹ́sẹ̀, tó sì ń bá ìlù lọ lẹ́sẹẹsẹ, bí ó bá sé èémí mọ́nú, kò ní pẹ́ lójú agbo.

Ayọ̀ tí a ń sọ kì í wá tariwotariwo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyá tó gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ yẹn sọ fún mi pé òun gbọ́ àdàbà lórí òrùlé òun ní ìdájí, pé ó dájú pé ó ti ń ké níbẹ̀ tipẹ́, òun ni etí òun kò sí nílé. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, èjìká rẹ̀ sì wà nílẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó lóyún lè ṣe ìdárayá ọwọ́ àti ìjókòó, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tẹ orúnkún láìjẹ́ pé ó ti béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn, kò sì gbọdọ̀ tìtorí àṣàrò pa oògùn tì. Bí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ jókòó, kí ẹ mí bí ó bá ti wá. Bí àyà bá ń dùn yín, tàbí tí ìrora bá ń ti ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá mú tí kò jẹun, tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ará ilé mú un lọ pẹ̀lú.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ gbé e lọ sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé abọ́, ẹ mí sínú nígbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ mí síta bí ẹrù ti ń kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ro poro, ẹ mí síta bí ọkọ́ ti ń wọlẹ̀. Kí ará ilé máa fi ìkíni dán ara wọn wò: bí ẹnì kan bá rí ẹnì kejì lábẹ́ ẹrù, kí ó kí i pé "ẹ kú iṣẹ́," kí ẹni tó ru ẹrù sì dáhùn kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Bí kò bá dáhùn, kí ó tún un kí.