Bí mo ṣe fọ rádíétọ̀ mi fúnra mi, àti nọ́ọ̀bù oníke tó fẹ́ pa mí

₦45,000 ni mo kó fún mẹkáníìkì kan lóṣù kẹta pé kó bá mi fọ rádíétọ̀ Corolla mi, ibi tómi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù wà, kó sì rọ kúláǹtì tuntun sí i. Oṣù méjì ò tíì pé tí géèjì ooru ẹ́ńjìnì fi gùn dókè pátápátá lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, à ń bọ̀ láti Ìbàdàn, èmi àti ìyàwó mi, oòrùn ọ̀sán gangan. A jókòó síbẹ̀ bíi wákàtí kan kó tó tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ìdérí rádíétọ̀ tó bá gbóná o, mo ti rí ọmọ iṣẹ́ kan tí apá ẹ̀ bó yànmọ̀. Ìgbà tí mo wá ṣí i, omi pupa bí ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò ni mo bá níbẹ̀. Omi bọ́ọ̀hòlù lásán tó ti dípẹtà! Kúláǹtì ló ń dènà ìpẹtà, òun náà ni kì í jẹ́ kómi tètè hó. Omi bọ́ọ̀hòlù ní tiẹ̀, ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn náà ló ń dí inú rádíétọ̀.

Mo ní ó tán, èmi náà á ṣe é. Mo ra kúláǹtì tí wọn ò tíì pò, mo ra omi bátìrì (omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò, kì í ṣe ásíìdì o), ìdajì-ìdajì ni wọ́n ń pò wọ́n. Sátidé, aago méje àárọ̀, ẹ́ńjìnì ti tutù, mo ti gbé ọkọ̀ sókè, mo ti fi òkúta dí táyà, mo ní tó bá di aago mẹ́sàn-án mo ti ṣe tán.

Irọ́ ni. Nọ́ọ̀bù kan wà nísàlẹ̀ rádíétọ̀ tí wọ́n ń tú kómi lè jáde, ike ni, ó rí bí ìyẹ́ labalábá. Ooru ọdún tó lé lógún ti jẹ ẹ́, ó ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Mo fọwọ́ yí i, kò mì. Mo fi píláyà mú un, mo gbọ́ "pẹ́", ìyẹ́ kan ti wà lẹ́nu píláyà. Mo tún mú ìyẹ́ kejì (agídí mi nìyẹn), òun náà kán. Ó wá ku roboto kan téèyàn ò ríbi dì mú, omi ò sì jáde, àfi ẹ̀kán kan tó ń kán sí mi létí.

Mo bá kọjú sí hóòsì ìsàlẹ̀. Kílíìpù yọ, hóòsì ò yọ, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹnu rádíétọ̀ bí ẹ̀kọ. Ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gé e jàre." Mo ní táa ló máa ra òmíì? Mo fi àkísà wé e, mo ń yí i sọ́tùn-ún sósì títí tó fi já lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo omi pupa yẹn dà sí mi láyà.

Roboto yẹn ṣì wà níbẹ̀ sha. Ohun tó gbà mí ni pé mo fi sikurudiráfà pẹlẹbẹ sórí iná gáàsì títí tó fi gbóná, mo tì í bọ inú ike yẹn díẹ̀, mo jẹ́ kó tutù síbẹ̀, mo wá yí i jẹ́jẹ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tòmíwá, ṣé gáàsì tí mo fẹ́ fi gbé omi ẹ̀bà lẹ fi ń ṣe mẹkáníìkì?" Mi ò dáhùn. Ó yí! Mo hó bí ẹni tí Ọ̀ṣun ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lọ́mọ.

Mo wá gun ọ̀kadà kiri Òṣogbo torí nọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù méjì sọ fún mi pé àfi kí n ra odindi rádíétọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló tú ọ̀kan lára rádíétọ̀ tòkunbọ̀ tó ti bàjẹ́, ₦1,500. Tó bá jẹ́ pé mo ti rà á sílẹ̀ lọ́jọ́ Fráìdé ńkọ́? Ẹ rà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án o.

Ìyókù ò le. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta títí tó fi mọ́, mo rọ kúláǹtì, mo tan ẹ́ńjìnì àti híítà láìtíì dé e lórí, títí fáànù fi ṣiṣẹ́ tí ìfófòó sì dáwọ́ dúró, mo tún rọ díẹ̀ sí i, mo dé e. Kúláǹtì tó dà sílẹ̀, mo fi yanrìn bò ó mo sì kó o dànù, torí ó dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n májèlé ni, ewúrẹ́ Àlájà sì ti ń na ọrùn bọ̀.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, géèjì ò kọjá àárín. Mo pe mẹkáníìkì yẹn lórí fóònù, mo ní kúláǹtì mi dà? Ó ní, "Alàgbà, mo rọ ọ́ o, èyí tó pupa yẹn ni."

Ó kúkú pupa lóòótọ́.